Wáyà ẹ́ńjìnnì Toyota 22R-E sínú Píjò 504: ibo ni ká ti so wọ́n pọ̀?

#1 ọmọ_agbájí
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Píjò 504 GL ni, oní-kabúrétọ̀, ara rẹ̀ ṣì le dáadáa. Ẹ́ńjìnnì Toyota 22R-E (2366 cc, onínọ́sùlù tó ń fọ́n epo, inú Hilux ló ti jáde) ti jókòó sínú rẹ̀, gíá àti ṣáfútì ti parí. Wáyà ló kù. Ohun tó wà nílẹ̀: wáyà ẹ́ńjìnnì náà lódindi, bréènbọ́ọ̀sì rẹ̀ (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì), airflow mítà tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, kọ́ìlì àti ígnáítà tó ń tan kọ́ìlì, rìléè méjì tó bá a wá, àti pọ́ǹpù tuntun tó ń dúró síta táǹkì. Àwọn tó tú u ní Ládípò gé wáyà náà níbi tó ti ń wọ dáṣíbọ́ọ̀dù Hilux.

Rìwáyà kan ní Gáà Akanbí ní òun á so ó mọ́ wáyà Píjò lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á sì parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọkàn mi ò bá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀?

#2 RìwáyàỌ̀fà
Àbúrò, ọkàn rẹ ò tàn ọ́ jẹ. Wáyà 504 ò mọ nǹkan kan nípa nọ́sùlù. Fíùsì inú rẹ̀ ò tó nǹkan, rọ́bà ara wáyà rẹ̀ ti gan, tí o bá tẹ̀ ẹ́ ó ń fọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Jẹ́ kí wáyà 22R-E dá dúró bí ilé tirẹ̀, pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀ àti rìléè tirẹ̀. Ibi tí ilé méjèèjì á ti kan ara wọn ò ju méje lọ: iná bátìrì tààrà, iná kí (èyí tó ń dé tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀), wáyà kíkì-sítátà, wáyà pọ́ǹpù tó ń lọ sẹ́yìn, gééjì ooru, iná ọ́ìlì, iná ṣááji. Tí o bá rí ìkẹjọ, béèrè ohun tó wá ṣe.

Orí tábìlì gígùn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ tépù bébà mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kọ ibi tó ń lọ sí i, lẹ́yìn náà ni kí o tó tú tépù dúdú ara rẹ̀. Lẹ́tà ni Toyota fi ń kọ àwọ̀ sínú àwòrán wáyà: B ni dúdú, L ni búlúù, BR ni búráùn, GR ni eérú, B-R ni dúdú tó ní ìlà pupa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ka B sí búlúù, wọ́n sì ti fi bẹ́ẹ̀ jó nǹkan. Àwọ̀ nìkan ò tó láti fọkàn tán, nítorí wáyà tí ooru ti sè fún ọ̀pọ̀ ọdún, funfun rẹ̀ ti di búráùn. Fi mítà tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti píìnì bréènbọ́ọ̀sì dé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí mítà bá dún lo tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Iná bátìrì: láti orí bátìrì sínú fíùsì 15A, kí fíùsì náà má jìnnà sí bátìrì ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Láti ẹ̀yìn fíùsì yẹn, ẹ̀ka kan lọ sí EFI main rìléè (rìléè tó ń fún bréènbọ́ọ̀sì níná), ẹ̀ka kejì lọ tààrà sí píìnì BATT. BATT kì í kú, nítorí òun ló ń jẹ́ kí bréènbọ́ọ̀sì rántí kóòdù àṣìṣe. Tí o bá ṣí kí, rìléè á gbé, á fún píìnì +B níná. Fi rìléè kan tìrẹ kún un fún kọ́ìlì, ígnáítà àti nọ́sùlù, fíùsì 15A, wáyà 2 mm². Wáyà kí Píjò á kàn máa gbé rìléè méjèèjì ni, ẹrù rẹ̀ ò ní tó ìdajì ámpíà.

Má tíì gé wáyà kankan tó o rò pé kò wúlò. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó ná, ká tó fá irun rẹ̀.

#3 Tanke_Garage
Gbogbo wàhálà yìí fún kí ni? Bọ̀ọ̀dá, ẹ yọ nọ́sùlù dànù, ẹ gbé kabúrétọ̀ lé e. Wáyà mẹ́rin péré, ọkọ̀ á máa lọ.

#4 ÌyáBejì_ÒmùÀrán
Tanke, kò rí bẹ́ẹ̀. Dístríbútọ̀ 22R-E ò ní ohun tó ń sún táímù síwájú nínú: kò ní wéètì, kò ní fákúọ̀mù. Bréènbọ́ọ̀sì ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Tí ẹ bá yọ bréènbọ́ọ̀sì, kò sí ohun tó máa pàṣẹ iná fún ígnáítà mọ́, plọ́ọ̀gì ò ní tàn. Ẹni tó bá fẹ́ kabúrétọ̀ á tún wá dístríbútọ̀ àti manifóòdù 22R, ìyẹn èyí tó jẹ́ oní-kabúrétọ̀. Owó yẹn ti ju ti wáyà lọ.

Ọmọ agbájí, ọ̀rọ̀ áàtì ni mo bá wá, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí òdì bátìrì. Bí wáyà bá ti dára tó, tí áàtì bá burú, ìyà lo máa jẹ. E1, E01 àti E02 tí ń bọ̀ láti bréènbọ́ọ̀sì, ara manifóòdù ẹ́ńjìnnì ni kí o ti dè wọ́n, níbi tí Toyota dè wọ́n sí. Má gbé wọn lọ sára ṣáàsì. E2 yàtọ̀ pátápátá: áàtì àwọn sẹ́ńsọ̀ ni, inú bréènbọ́ọ̀sì ló ń padà sí. Tí o bá tún de E2 mọ́ ara ọkọ̀, iná kíkì-sítátà á máa gba inú rẹ̀ kọjá, sẹ́ńsọ̀ á máa parọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, fi wáyà nínípọn kan de orí òdì bátìrì mọ́ búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, kí òmíràn (16 mm² ó kéré tán) de búlọ́ọ̀kù mọ́ ara ọkọ̀. Sítì ẹ́ńjìnnì rọ́bà ni, iná ò lè gba ibẹ̀. Ha ọ̀dà kúrò níbi tí o bá ti dè é, kí irin máa dán, fi gírísì díẹ̀ bò ó tó o bá ti dè é tán. Bí o ṣe máa dán an wò: mítà lórí fóòtì (volt), ọwọ́ kan lórí òdì bátìrì, ọwọ́ kejì lára búlọ́ọ̀kù, kí ẹnì kan máa yí kíkì. Tó bá ju 0.2 fóòtì lọ, áàtì rẹ ò tíì dára.

Ígnáítà náà ńkọ́? Ara irin rẹ̀ ló fi ń mu áàtì. Tí o bá dè é mọ́ pákó, tàbí orí ọ̀dà tuntun, kò ní sí iná ní plọ́ọ̀gì, wàá sì máa bú kọ́ìlì tí kò ṣẹ̀.

#5 Àáfà_Bọ́nẹ́ẹ̀tì
Sàlámù aleekum. Ìmọ̀ràn yín dára. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kò sí ìdí láti máa wá iná kí kiri. Wáyà tó ń lọ sí kọ́ìlì àtijọ́ ti wà níbẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ó mú un, ó ti yá.

#6 RìwáyàỌ̀fà
Wa aleekum salaam, Àáfà. Ẹ má bínú, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọkọ̀ oní-kabúrétọ̀ míì, wáyà tó lọ sí kọ́ìlì ní agbára ìdènà nínú, tàbí kó ní rẹsísítọ̀ lójú ọ̀nà. Tí mítà nìkan bá wà lára rẹ̀, á fi fóòtì bátìrì hàn lódindi. Ìgbà tí ẹrù bá dé orí rẹ̀ ni irọ́ rẹ̀ ń tú.

Àbúrò, ṣe é báyìí: fi gílóòbù bíréèkì 21W sórí wáyà yẹn, de ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ mọ́ áàtì, ṣí kí, kó o tó wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnì kan yí kíkì, kó o wò ó bóyá iná ṣì wà níbẹ̀. Iná kí tó máa gbé rìléè gbọ́dọ̀ wà nígbà tí kí bá ṣí, kó sì tún wà nígbà tí kíkì bá ń yí. Èyí tó ń kú nígbà kíkì, ti rédíò àti wáípà ni.

#7 ọmọ_agbájí
Ẹ ṣeun gan-an. Bátìrì jẹ́ 12.4. Wáyà kọ́ìlì láìsí gílóòbù: 12.3. Pẹ̀lú gílóòbù 21W: 9.7. Kò kú nígbà kíkì. Wáyà kejì tó wà lẹ́yìn kí fúnni ní 12.2 pẹ̀lú gílóòbù, ṣùgbọ́n ó kú pátápátá tí kíkì bá ń yí. Ìkẹta, òun náà 12.2, ó bọ́ sí 10.6 nígbà kíkì, kò kú.

#8 RìwáyàỌ̀fà
Ìkẹta ni. 10.6 nígbà kíkì dára, ibi tí bátìrì fúnra rẹ̀ bọ́ sí nìyẹn. Ti kọ́ìlì, so orí rẹ̀ pa, fi rọ́bà bò ó, má gé e súnmọ́ ìdí.

#9 Àáfà_Bọ́nẹ́ẹ̀tì
Mo ti gbà. 9.7 ò lè bọ́ ẹnikẹ́ni.

#10 ÌyáBejì_ÒmùÀrán
Ojú ìsopọ̀ níbi tí wọ́n ti gé e: má so gbogbo rẹ̀ lójú kan. Jẹ́ kí ọ̀kan ṣáájú èkejì ní ìwọ̀n ìka méjì-méjì, kí ìdì wáyà má wú bí ọrùn onígẹ̀gẹ̀. Túùbù irin tí a ń fi páálíà tẹ̀ pọ̀ ni kí o lò, kì í ṣe kí o lọ́ wáyà pọ̀ kó o fi tépù we é. Àwọn kan fẹ́ràn láti jó o ní lẹ́ẹ̀dì. Nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò burú. Lórí ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n, lẹ́ẹ̀dì máa ń fa wọ inú wáyà, á le, ẹ̀gbẹ́ ibi tó le dé ni wáyà ti máa ń ṣẹ́. Fi rọ́bà tó ní góòmù nínú, tí iná ń mú sún mọ́ra, bo ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn wáyà kan wà tó wọ aṣọ irin: ti dístríbútọ̀ àti ti sẹ́ńsọ̀ oxygen. Aṣọ irin yẹn, apá kan ṣoṣo ni kí o ti dè é mọ́ áàtì, ìyẹn lọ́dọ̀ bréènbọ́ọ̀sì. Tí o bá fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀ tó o wá gbé e gba ẹ̀gbẹ́ wáyà plọ́ọ̀gì kọjá, ẹ́ńjìnnì á máa kọsẹ̀ ní eré gíga, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ìdí.

Ihò tí wáyà máa gbà wọ inú ọkọ̀, rọ́bà gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu rẹ̀. Bréènbọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn àpótí ìbọ̀wọ́ ni kó wà, níbi gíga, nítorí 504 tí rọ́bà gíláàsì iwájú rẹ̀ ti gbó, omi òjò máa ń dúró nílẹ̀ rẹ̀. Kí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀.

#11 ọmọ_agbájí
Gbogbo rẹ̀ ti wọlé. Ìṣòro kan ló kù: tí mo bá yí kíkì, ẹ́ńjìnnì á mú, á jó bí ìṣẹ́jú àáyá kan, tí mo bá ti fi kí sílẹ̀ á kú. Gbogbo ìgbà. Iná wà ní plọ́ọ̀gì. Nínú àpótí àyẹ̀wò Toyota, mo so +B mọ́ FP (píìnì pọ́ǹpù), pọ́ǹpù ń ké, ẹ́ńjìnnì sì ń jó títí láìkú.

#12 Tanke_Garage
Ó ti yé wa nìyẹn. Pọ́ǹpù ni. Ẹ gbé wáyà pọ́ǹpù sórí iná kí tààrà, ẹ máa lọ.

#13 RìwáyàỌ̀fà
Rárá o, Tanke! Pọ́ǹpù yẹn ń ti epo ní nǹkan bí 40 psi. Tí ọkọ̀ bá gbókìtì tí páìpù epo bá já, tí ẹ́ńjìnnì sì kú, pọ́ǹpù tó wà lórí kí á máa da bẹntiróòlù sórí ẹgisọ́ọ̀sì gbígbóná títí ẹnì kan á fi rántí yí kí pa. Toyota ò fi rìléè pọ́ǹpù síbẹ̀ fún ọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.

#14 ÌyáBejì_ÒmùÀrán
Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọmọ mi, ohun tó o ṣàlàyé yẹn tọ́ka sí ibì kan ṣoṣo. Rìléè pọ́ǹpù ní kọ́ìlì méjì nínú. Èkíní ń gbé nípa wáyà STA nígbà tí kíkì bá ń yí. Òun ló jẹ́ kó mú. Èkejì ni FC, òun ló yẹ kó dì í mú tí o bá fi kí sílẹ̀. Nínú 22R-E, inú airflow mítà ni swíìṣì FC wà: tí afẹ́fẹ́ bá ti ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ṣí díẹ̀, swíìṣì á pa FC pọ̀ mọ́ E1, rìléè á dúró.

Yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì airflow mítà, fi mítà lórí óòmù sáàárín píìnì FC àti E1. Ilẹ̀kùn pípadé: kò gbọdọ̀ sí nǹkan. Fi ìka ti ilẹ̀kùn náà díẹ̀: kó di òdo. Tí ìyẹn bá dára, airflow mítà ò ṣẹ̀. Wáá wo ẹ̀gbẹ́ wáyà: píìnì E1 inú sọ́kẹ́ẹ̀tì sí òdì bátìrì, kó jẹ́ òdo, píìnì FC pẹ̀lú kí ní ṣíṣí, kó ní 12 fóòtì tó ń gba inú rìléè bọ̀.

Ṣàyẹ̀wò páìpù rọ́bà tó wà láàárín airflow mítà àti ẹnu ẹ́ńjìnnì náà. Tó bá ya, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ilẹ̀kùn ò ní ṣí tó, àmì kan náà lo máa rí.

#15 ọmọ_agbájí
Ilẹ̀kùn ń ṣiṣẹ́, óòmù lọ sí òdo. FC ní 12.1. E1 inú sọ́kẹ́ẹ̀tì sí òdì bátìrì: kò sí nǹkan, mítà ò dún. Wáyà búráùn kan ló wà níbi tí wọ́n gé e, tí mo rò pé ti sẹ́ńsọ̀ ni. Mo ti so ó mọ́ áàtì manifóòdù.

Ó ń jó o! Ó ti ń jó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò kú.

#16 Ìgbómìnà504
Ayọ̀ ńlá. Kí o tó gbé e jáde lọ sí Ajásẹ́: so T mọ́ E1 nínú àpótí àyẹ̀wò (àwọn kan kọ ọ́ ní TE1), kí ẹ́ńjìnnì gbóná, fi iná táímù wò ó. Ìwọ̀n 5 (digirí) kí písítìnì tó dé òkè ni, ní nǹkan bí 750 yíyí láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìgbà tó o bá yọ ìsopọ̀ yẹn ni táímù á tó máa rìn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣètò rẹ̀ láìsí ìsopọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ṣètò lódì.

Ìsopọ̀ kan náà, tí kí bá ṣí tí ẹ́ńjìnnì ò jó, ló ń mú iná check engine kọ kóòdù. Ṣé o fi gílóòbù sí W, píìnì iná check engine lára bréènbọ́ọ̀sì? Gílóòbù kékeré lásán ni, ẹsẹ̀ kan lórí iná rìléè tìrẹ, ẹsẹ̀ kejì lórí W, bréènbọ́ọ̀sì ló ń fún un ní áàtì.

#17 ọmọ_agbájí
Mo fi sí i. Ó ṣẹ́jú mẹ́rin, ó sinmi, ó ṣẹ́jú méjì. 42.

#18 Ìgbómìnà504
Iyára ọkọ̀ ni ìyẹn. Inú gééjì Hilux ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà, gééjì Píjò ò ní in. Ọkọ̀ á máa rìn láìsí i, àmọ́ tó bá ń kú nígbà tí o bá ń fẹsẹ̀ kúrò lórí epo láti dúró, mọ̀ pé òun ni. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sí àárín okùn gééjì iyára, wáyà rẹ̀ lọ sí SPD àti áàtì.

Ti gééjì ooru: sẹ́ńsọ̀ oníẹsẹ̀ méjì tó wà lára ẹ́ńjìnnì, ti bréènbọ́ọ̀sì ni, má fọwọ́ kàn án. Ó yẹ kó wà láàárín 2 sí 3 kilo-óòmù ní ooru 20, kó sì bọ́ sí 0.2 sí 0.4 ní 80. Sẹ́ńsọ̀ Píjò tìrẹ ló máa bá gééjì Píjò sọ̀rọ̀, nítorí náà jẹ́ kí tọ́nà gẹ́ bọ́ọ̀ṣì irin kan tó ní tírẹ́ẹ̀dì Toyota níta, ti Píjò nínú. Má we tépù funfun púpọ̀ mọ́ ọn, ara tírẹ́ẹ̀dì ló fi ń mu áàtì.

#19 RìwáyàỌ̀fà
Kí n fi iná ṣááji kún un. Ọ̀tánétọ̀ Toyota ní IG, S àti L nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú B tó nípọn. S sí orí bátìrì nípasẹ̀ fíùsì, IG sí iná kí, L sí gílóòbù ṣááji Píjò. Gílóòbù gidi ni o, má fi LED sí i. Tí 504 rẹ bá jẹ́ èyí tó ní ẹ̀gúlétọ̀ lọ́tọ̀ lára bọ́dì, yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, nítorí ti Toyota wà nínú ọ̀tánétọ̀. Wáyà B àtijọ́ ti tín-ín-rín jù, fi 10 mm² rọ́pò rẹ̀.

#20 ọmọ_agbájí
Gbogbo rẹ̀ ti di ṣíṣe. Fáànù nìkan ló kù. Fáànù Toyota ò rí àyè, fáànù oníná ni mo fẹ́ lò. Swíìṣì ooru tó ń mú fáànù olóòfà Píjò (èyí tí òòfà oníná ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì) ṣiṣẹ́ ṣì wà. Ṣé mo lè lò ó?

#21 RìwáyàỌ̀fà
O lè lò ó láti gbé rìléè, má jẹ́ kó gbé fáànù. Fáànù olóòfà Píjò ò mu nǹkan, ti oníná máa ń fà ju 20A lọ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, á jó swíìṣì yẹn lọ́jọ́ kìíní. Fíùsì 30A, wáyà 4 mm² láti bátìrì sí ẹsẹ̀ 30 rìléè, ẹsẹ̀ 87 sí fáànù; 85 àti 86 ni ẹsẹ̀ kọ́ìlì inú rìléè. Wọn swíìṣì náà nígbà tó bá gbóná: tó bá ń fúnni ní iná, gbé e sí 86, kí 85 lọ sí áàtì. Tó bá ń fúnni ní áàtì, kí 85 lọ sí swíìṣì, 86 sí iná kí.

#22 ọmọ_agbájí
Ó ń fúnni ní iná. 86 nìyẹn.

#23 ÌyáBejì_ÒmùÀrán
Ó dára. Nísinsìnyí lo lè yọ àwọn wáyà tí kò wúlò, kí o sì fi tépù aṣọ we ìdì náà. Tépù rọ́bà dúdú yẹn, góòmù rẹ̀ máa ń yọ́ nínú ooru ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ á máa lẹ̀ mọ́ ọn títí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹgisọ́ọ̀sì, túùbù tí iná ò lè jó ni kó wọ̀.